Dexamethasone Kì Í Ṣe Oògùn Àgbàlagbà Tí Ara Rẹ̀ Ń Gbọ̀n

Àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ ni. Ó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí ẹni tó ni ín kò fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan, kí ara gan, kí gbogbo ìṣe máa falẹ̀. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, ẹsẹ̀ náà kì í dúró ṣinṣin mọ́. Sítẹ́rọ́ìdì ní tirẹ̀ ni ìdílé oògùn tí dexamethasone, prednisolone àti betamethasone ti jáde. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìgbàgbọ́ kan ti so àwọn méjèèjì pọ̀: pé bí ara àgbàlagbà bá ń gan, tí kò lè dìde lórí àpótí láìjẹ́ pé wọ́n fà á, agbára ló tán nínú rẹ̀, hóró sítẹ́rọ́ìdì méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́ ló sì máa dá agbára náà padà. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ibi tí Parkinson ti ń jẹ èèyàn gan-an ni sítẹ́rọ́ìdì náà máa ń jẹ.

Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé gbilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ lè wo Anié, ní àríwá Atakpamé, lójú títì ńlá tó ti Lomé gòkè lọ sí Kara. Àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana, ọmọ ìyá Yorùbá, ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú Kabiyè, Ewé àti àwọn mìíràn. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, ibẹ̀ náà sì ni ilé iṣẹ́ ṣúgà wà. Láti Anié dé Lomé, níbi tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn dókítà ọpọlọ Tógò wà, ó sún mọ́ kìlómítà 190. Oògùn ọjà kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ìlú ọjà púpọ̀ ní ẹkùn yìí, orí tábìlì ló wà, tàbí nínú igbá ẹni tó ń kiri, wọ́n a sì máa tà á ní hóró kọ̀ọ̀kan, láìsí pálí, láìsí ìwé inú pálí, láìsí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan péjọ sí Lomé, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Àdéhùn náà dára, ṣùgbọ́n ayédèrú nìkan kọ́ ni ìṣòro ibí yìí. Dexamethasone tó jẹ́ ojúlówó pọ́ńbélé, tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, á ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ pé pérépéré.

Kí a sọ òótọ́, ìgbàgbọ́ pé sítẹ́rọ́ìdì ń gbé ẹni tó dùbúlẹ̀ dìde ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́lẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kọ́tísọ́ọ̀nù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, obìnrin náà dìde, ó rìn. Ní 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeusz Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Ìdajì ìtàn náà ni gbogbo ayé gbọ́. Ìdajì kejì ni pé bí wọ́n bá ti dá abẹ́rẹ́ dúró, làkúrègbé náà a padà. Bí wọ́n bá sì ń bá a lọ, ojú a wú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a ga, egungun a bẹ̀rẹ̀ sí í dá, orí ẹlòmíràn a dàrú. Pàtàkì jù lọ, irú làkúrègbé tó mú obìnrin yẹn, àwọn ọmọ-ogun ara fúnra wọn ló ń bá oríkèé jà níbẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì sì máa ń tú wọn ká. Parkinson kì í ṣe irú ìjà bẹ́ẹ̀.

James Parkinson, dókítà kan ní London, ló kọ ìwé nípa aláìsàn mẹ́fà tí ara wọn ń gbọ̀n ní ọdún 1817. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ wọn kò hàn kedere títí di ọdún 1960, nígbà tí Oleh Hornykiewicz àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna rí i pé èròjà tí wọ́n ń pè ní dopamine ti gbẹ nínú ọpọlọ àwọn tó kú pẹ̀lú àrùn náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣe dopamine. Wọ́n ń kú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìpariwo. Nígbà tí ọwọ́ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èyí tó ti kú kì í kéré. Levodopa, tí ọpọlọ máa ń sọ di dopamine, ni George Cotzias fi ìwúlò rẹ̀ hàn kedere ní 1967. Òun náà ló ṣì ń ṣíwájú títí dòní, àpòpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú carbidopa sì wà nínú ìwé oògùn kòṣeémáàní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣe dopamine. Kò sí ẹ̀rí lára èèyàn pé ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí kò fi sí lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwárìrì tàbí ara gígan Parkinson.

Ẹ̀rí tí àwọn tó gbà á gbọ́ máa ń mú wá ni ojú ara wọn. Wọ́n ní bàbá lo ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé àga òun síta. Òótọ́ ni wọ́n rí. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń jẹ́ kí oúnjẹ wu èèyàn í jẹ, ó máa ń mú inú dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń pa ìrora oríkèé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi tó ń dá dúró sára sì máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, tí ará ilé á fi máa sọ pé ó ti sanra. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ Parkinson. Kí wọ́n wo bàbá náà nígbà tó bá ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀: àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá á máa wá ara wọn kiri, bọ́tìnnì kejì á pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ní ìkẹta á sọwọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n ní kó máa fi ìka méjèèjì yẹn kan ara wọn léraléra: á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ìṣí ìka á máa kéré sí i, á máa kéré sí i, títí tó fi máa dúró. Kí wọ́n wo apá rẹ̀ tó bá ń rìn, bí ẹyọ kan ṣe ń jù tí èkejì sì lẹ̀ mọ́ ìhà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta dexamethasone, gbogbo èyí á wà bó ṣe wà. Levodopa ló máa ń tú ìka sílẹ̀ fún bọ́tìnnì. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá ti lò ó ni.

Ẹnu ọ̀nà tí sítẹ́rọ́ìdì máa ń gbà wọ ilé alárùn Parkinson, èjìká ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwádìí kan tó jáde láti Toronto ní 1989 rí i pé nínú 100 alárùn Parkinson, bíi 43 ló ti ní wàhálà èjìká rí, nígbà tó jẹ́ bíi 23 nínú 100 àwọn tí kò ní àrùn náà. Fún àwọn kan, èjìká ti gan kí ọwọ́ tó gbọ̀n rárá. Apá kì í gòkè mọ́, ẹ̀wù kì í ṣe é wọ̀, òru kì í ṣe é fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Wọ́n á ní làkúrègbé ni. Wọ́n á fi òrí ra á, wọ́n á wọ́ ọ, tí kò bá lọ, wọ́n á ra hóró tí gbogbo èèyàn ń rà fún ara ríro. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń lò ó kò tilẹ̀ mọ̀ pé sítẹ́rọ́ìdì ni. Ní 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa Artri King, oògùn oríkèé tí wọ́n ń polówó bíi pé ewé àti egbò nìkan ni: àyẹ̀wò bá dexamethasone àti diclofenac nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹni tó bá rò pé irú rẹ̀ kò lè sí nínú àwọn ìyẹ̀fun àti oògùn onígò tó ń kiri ẹkùn wa, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìpara abóra tún ń bẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú 100 obìnrin ní Tógò, bíi 59 ló ń lo ohun abóra déédéé. Clobetasol, sítẹ́rọ́ìdì tó le, sì wà nínú púpọ̀ nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ara awọ.

Kí ni ìwọ̀n tí à ń sọ? Ara èèyàn ní sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀, kọ́tísọ́ọ̀lù, tó ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín. Mílígíráàmù 1 péré lára dexamethasone ní agbára ju gbogbo èyí tí ara ń ṣe lóòjọ́ lọ. Ẹni tó ń lo hóró oní-mílígíráàmù 0.5, méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́, ń gbé ohun tó tó bíi mílígíráàmù 13 prednisolone mì lóòjọ́. Dókítà tó bá kọ irú ìwọ̀n yẹn fún aláìsàn fún oṣù mélòó kan á máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, á máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, á sì ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù lọ́kàn. Tábìlì ọjà kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Itan ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n lára. Sítẹ́rọ́ìdì tó bá pẹ́ nínú ara máa ń jẹ iṣan ńlá itan àti ti èjìká, láìdun èèyàn, tí yóò fi di pé ẹni náà kò lè dìde lórí àpótí. Àìlèdìde lórí àpótí sì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ra oògùn lákọ̀ọ́kọ́! Ará ilé á rí i pé ó ti burú sí i, wọ́n á ní àrùn ló ń le, wọ́n á fi hóró kan kún un.

Ti egungun tún le ju ìyẹn lọ. Alárùn Parkinson a máa ṣubú, pàápàá tó bá fẹ́ yí padà tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dì mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Egungun rẹ̀ sì sábà máa ń fúyẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó tó fọwọ́ kan sítẹ́rọ́ìdì kankan, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí èèyàn bá ń gbé sítẹ́rọ́ìdì mì ni ewu kí egungun dá ti máa ń ga. Ẹni tó ń ṣubú ni wọ́n wá ń fún ní oògùn tó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Egungun ìbàdí tó bá dá lára ẹni ọdún 70 kì í ṣe ohun tí tegungun-tegungun ń so ní igi kó sì jinná. Iṣẹ́ abẹ ló ń fẹ́, ọ̀pọ̀ tí kò sì rí i ṣe kì í dìde mọ́.

Ọ̀rọ̀ orí ló kù, èyí tí wọ́n kì í fẹ́ sọ síta. Parkinson fúnra rẹ̀ lè mú kí àgbàlagbà máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀: ọmọdé ní igun yàrá, ẹranko lórí ibùsùn. Sítẹ́rọ́ìdì náà lè gba oorun lójú, kó mú èèyàn máa sọ̀rọ̀ láìsinmi, kó sì da orí rú. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde láti Boston ní 1972, wàhálà ọpọlọ hàn lára èèyàn bí 1 nínú 100 àwọn tó ń lo mílígíráàmù 40 prednisone (sítẹ́rọ́ìdì ni òun náà) tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, ó sì sún mọ́ 1 nínú 5 láàárín àwọn tó ń lò ju mílígíráàmù 80 lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí nìyí: àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lóru, wọ́n gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé alárùn Parkinson ni, wọ́n gún un ní haloperidol kó lè dákẹ́. Haloperidol máa ń dí ojú ọ̀nà dopamine pa. Ẹni tí dopamine rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀ á gan bí igi, ẹnu rẹ̀ á dì, oúnjẹ kò ní lọ lọ́fun. Bákan náà ni metoclopramide tí wọ́n ń pè ní Primpéran, tí wọ́n máa ń fún èèyàn nítorí èébì. Hóró kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Èyí tó wá dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ gan-an, oògùn kejì àti ìkẹta ni, kò sì sí ẹni tó máa dá àkọ́kọ́ lẹ́bi.

Àwọn kan tó kàwé ní àríyànjiyàn tó gbóná ju ti ọjà lọ. Wọ́n ní ìjà ọmọ-ogun ara wà nínú ọpọlọ alárùn Parkinson náà, àti pé ohun tó ń paná irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òótọ́: ní 1988, Patrick McGeer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà rí àmì ìjà náà nínú ọpọlọ àwọn tó kú pẹ̀lú Parkinson, àwọn ìdánwò lára eku sì wà tí dexamethasone dá apá kan ìparun sẹ́ẹ̀lì dúró. Ṣùgbọ́n eku tí wọ́n fún ní májèlé lánàá kì í ṣe èèyàn tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń kú fún ogún ọdún. Oògùn mìíràn tó tu ìjà náà lójú lára eku, pioglitazone, dé ọ̀dọ̀ èèyàn nínú ìwádìí tó jáde ní 2015, kò dín àrùn náà kù. Títí tí ìwádìí lára èèyàn yóò fi sọ ohun mìíràn, èrò lásán ni ti sítẹ́rọ́ìdì, a kì í sì í fi èrò lásán tọ́jú ìyá ẹni.

Àṣìṣe kan tún wà ní òdìkejì: kí wọ́n ní alárùn Parkinson kò gbọdọ̀ fẹnu kan sítẹ́rọ́ìdì láéláé. Ìyẹn náà lè pa èèyàn. Levodopa àti sítẹ́rọ́ìdì kì í bá ara wọn jà nínú ara lọ́nà tó fi di èèwọ̀. Alárùn Parkinson tí ikọ́ fée bá gbé, tí èémí rẹ̀ ń já, sítẹ́rọ́ìdì ni yóò gbà á là. Lóṣù kẹfà ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY ní Britain fi hàn pé mílígíráàmù 6 dexamethasone lóòjọ́, tí kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí COVID-19 ti gbé dé orí ẹ̀rọ tó ń mí fún wọn. Kò ṣe àwọn tí kò nílò ọ́síjìn láǹfààní kankan. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ó gba ẹnìkan là, kò wúlò fún èkejì. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì nínú èjìká tó gan náà ní àyè tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gún, bí ó bá ti mọ̀ pé Parkinson wà níbẹ̀ tó sì ń tọ́jú ìyẹn náà. Ohun tí à ń bá jà ni kí wọ́n máa fún ara gígan ní oògùn láìtíì mọ orúkọ àrùn.

Ìdí mìíràn tí àwọn ènìyàn fi ń yan sítẹ́rọ́ìdì ni ìbẹ̀rù levodopa. Wọ́n ní agbára rẹ̀ máa ń tán, pé ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí náà kí wọ́n fi nǹkan mìíràn ti ara náà ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìdáhùn láti ilé alámùúlégbè Tógò. Ní 2014, Roberto Cilia àti àwọn dókítà Gánà àti Ítálì gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Brain. Àwọn aláìsàn Gánà ti ṣàìsàn fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rí levodopa lò, àwọn ará Ítálì sì ti tètè bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í jó síhìn-ín sọ́hùn-ún láìfẹ́, tí oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè kúrò lára, jọra láàárín wọn tí a bá kà á láti ìgbà tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí àrùn ṣe pẹ́ tó, àti ìwọ̀n levodopa tí wọ́n ń lò, ló ń fà á. Iye ọdún tí wọ́n ti fi ń lò ó kọ́. Ẹni tó ń sún un síwájú kò tọ́jú nǹkan kan pamọ́, ọdún tó dára ló ń fi ṣòfò.

Owó levodopa àti jíjìnnà rẹ̀ ni àwíjàre tó lágbára jù, kò sì yẹ kí a fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ti dán yèrèpè, tí levodopa wà nínú èso rẹ̀ ní ti ẹ̀dá, wò lára àwọn alárùn Parkinson ní Bolivia, èsì rẹ̀ tó jáde ní 2017 sì sún mọ́ ti oògùn ilé ìwòsàn; ìdánwò kékeré ni, dókítà ló wọn èso náà, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa já yèrèpè nínú igbó. Ohun tó fi hàn ni pé ibi tí owó kò bá tó, ọ̀nà tó yẹ kí a máa wá ni ọ̀nà sí levodopa. Sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣe àfirọ́pò tó rọjú: nígbà tí egungun bá dá, tí ṣúgà bá ga, tí ojú bá fọ́, owó levodopa ọdún mélòó kan ti wọlé ìwòsàn. Agbára tó ń fúnni, owó olówó èlé ni.

Ẹni tó bá ti ń lo hóró sítẹ́rọ́ìdì lójoojúmọ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ dá a dúró lọ́sàn-án kan òru kan, torí pé ẹ̀yà orí kíndìnrín ti sùn, kò tíì ṣe tán láti ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù tirẹ̀. Àárẹ̀ líle, èébì, ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ tí èèyàn fi ń dákú tó bá dìde, ni ó máa ń tẹ̀lé e, ó sì lè pa èèyàn. Alárùn Parkinson, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ tó bá dìde tẹ́lẹ̀, kò lè gbé àfikún ìyẹn. Kí ará ilé kó gbogbo oògùn náà, hóró, ìyẹ̀fun àti ìpara, sínú àpò kan, kí wọ́n gbé e pẹ̀lú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn Anié tàbí ti Atakpamé, kí wọ́n sọ iye tó ń lò àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀ náà ni kí wọ́n ti béèrè tààrà bóyá ọwọ́ tó ń gbọ̀n, èjìká tó gan àti ìrìn tó ń falẹ̀ yẹn kì í ṣe Parkinson, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ ìdáhùn.